Ẹ̀mí Nínú Ìlà: Ẹ̀kọ́ Tí Àwọn Ayàwòrán Ṣáínà Àtijọ́ Fi Sílẹ̀ fún Àwa Olùkọ́

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi ọ̀wọ́n, ẹjọ́ ara mi ni mo fẹ́ kọ́kọ́ rò fún yín. Nígbà tí a rán wa lọ dán iṣẹ́ olùkọ́ wò, mo ní kí àwọn ọmọ kíláàsì mi ya àwòrán ewúrẹ́. Ọmọ kan fi rúlà fa ẹ̀yìn ewúrẹ́ tirẹ̀. Ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gùn bákan náà, kò sí ìlà kan tí ó yà kúrò ní ọ̀nà, bébà rẹ̀ sì mọ́ tónítóní. Mo fún un ní máàkì 8 nínú 10. Ọmọ kejì ya ewúrẹ́ tí ó ń sáré. Ẹsẹ̀ iwájú gùn jù, orí kéré jù, ìlà tí ó fi yà á nípọn ní ibì kan, ó sì tín-ín-rín ní ibòmíràn. Ṣùgbọ́n sísá ni ewúrẹ́ náà ń sá, kò sí ẹni tí ó lè wò ó kí ó wí pé ó dúró. Mo fún un ní 3. Ọmọ náà wo máàkì rẹ̀, ó wo àwòrán rẹ̀, ó sì pa ìwé rẹ̀ dé.

Lẹ́yìn tí a padà sí kọ́lẹ́ẹ̀jì ni mo bẹ̀rẹ̀ sí kàwé nípa iṣẹ́ ọnà àwọn ará Ṣáínà ní àtijọ́, mo sì rí i pé ọ̀ràn ewúrẹ́ méjì yìí kì í ṣe ọ̀ràn tuntun. Láti nǹkan bí 1,500 ọdún sẹ́yìn ni àwọn ọlọ́gbọ́n ilẹ̀ náà ti ń rò ó. Kí ni ó mú kí ìlà kan wà láàyè, kí òmíràn sì kú, bí èyí tí ó kú tilẹ̀ tọ́ ju èyí tí ó wà láàyè lọ? Ṣé a lè fi ohun náà kọ́ ọmọ ni, tàbí a bí i mọ́ ẹni? Èrò mi lórí ìbéèrè yìí ni mo fẹ́ fi síwájú yín, nítorí pé ẹnikẹ́ni nínú wa tí yóò máa fún ọmọ ní máàkì kò lè sá fún un.

Ní ọ̀rúndún kẹfà ọdún Olúwa wa, ọkùnrin kan wà ní gúúsù ilẹ̀ Ṣáínà tí a ń pè ní Xie He. Ayàwòrán ni òun pẹ̀lú, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwòrán ni ó gbé orúkọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa bí kò ṣe ìwé kékeré kan. Nínú ìwé náà ni ó ti gbé iṣẹ́ ayàwòrán 27 yẹ̀ wò, tí ó sì pín wọn sí ọ̀wọ́ mẹ́fà, láti orí àwọn tí ó ga jù lọ títí dé orí àwọn tí ó kẹ́yìn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ìdájọ́ rẹ̀, ó ka òfin mẹ́fà tí a fi ń mọ àwòrán rere. Ẹ jẹ́ kí n kà wọ́n láti ìsàlẹ̀ lọ sí òkè, nítorí ìdí tí yóò hàn bí a ti ń lọ. Òfin kẹfà ni pé kí ènìyàn máa ṣe àdàkọ iṣẹ́ àwọn àgbà tí ó ṣáájú rẹ̀. Ìkarùn-ún ni ètò: kí a mọ ibi tí ó yẹ kí a fi ohun kọ̀ọ̀kan sí. Ìkẹrin ni pé kí àwọ̀ bá irú ohun tí a ń kùn mu. Ìkẹta ni pé kí àwòrán jọ ohun tí a ń yà. Èkejì ni pé kí egungun wà nínú ìlà, èyí ni pé kí agbára wà ní ọwọ́ tí ó di búrọ́ọ̀ṣì mú, kí ìlà má ṣe rọ bí okùn tí ó já. Ṣùgbọ́n èkíní, tí ó fi ṣe olórí gbogbo wọn, ni wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ mẹ́rin pè ní èdè wọn: qi yun sheng dong.

Ọ̀rọ̀ mẹ́rin yìí ti dá àwọn olùtumọ̀ lágara. Qi ni èémí, afẹ́fẹ́, agbára tí ń ṣàn nínú ohun alààyè. Yun jẹ́ ọ̀rọ̀ ohùn: ìró tí ó bá ìró mìíràn dọ́gba nínú ewì, tàbí ìró tí ó ṣì wà ní etí lẹ́yìn tí ohùn ti dákẹ́. Sheng ni ìyè, dong sì ni ìrìn. Ní ọdún 1903, Okakura Kakuzo, ọmọ ilẹ̀ Jàpáànì, túmọ̀ rẹ̀ sí Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà kan. Ní ọdún 1905, Herbert Giles túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ti Giles ni ó mú kí ọ̀pọ̀ Òyìnbó máa wí pé ìṣísẹ̀ ni olórí ohun nínú àwòrán Ṣáínà, irú ìṣísẹ̀ tí a ń gbọ́ nínú orin tí a sì ń rí nínú ijó. Àwọn tí ó tẹ̀lé wọn ti tún un túmọ̀ ní oríṣiríṣi, iyàn náà kò sì tí ì tán. Bí a bá ní kí èmi túmọ̀ rẹ̀ sí èdè wa, èmi yóò wí pé: ẹ̀mí tí ń dún, ìyè tí ń rìn. Ìtumọ̀ yìí kò pé, ṣùgbọ́n ó sàn ju kí a kàn pè é ní ẹwà lọ, nítorí pé nínú ọ̀rọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò sí èyí tí ó jẹ́ ẹwà.

Ẹnìkan lè bi mí pé, kí ni ọ̀rọ̀ ohùn ń wá nínú àwòrán tí ojú ń wò? Ọmọ Yorùbá kò yẹ kí ó béèrè èyí pẹ́ títí. Èdè Ṣáínà, gẹ́gẹ́ bí tiwa, jẹ́ èdè tí ohùn ń gòkè tí ó sì ń sọ̀ kalẹ̀ láti fi ìtumọ̀ hàn. Bí a bá yí ohùn padà, ọkọ a di ọkọ́, ọkọ́ a di ọkọ̀, ọkọ̀ a di ọ̀kọ̀. Lẹ́tà inú wọn kò yí padà, síbẹ̀ ohun tí a wí ti yàtọ̀ pátápátá. Ní àkókò tí kò jìnnà sí ti Xie He, Shen Yue, ẹni tí a bí ní ọdún 441 tí ó sì kú ní ọdún 513, wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ pín ohùn èdè wọn sí mẹ́rin, tí wọ́n sì ń kọ́ àwọn akéwì bí a ti ń fi ohùn kan dá òmíràn lóhùn. Nítorí náà, etí àwọn ọ̀mọ̀wé ìgbà náà ti là sí gbígòkè àti sísọ̀kalẹ̀. Kò yẹ kí ó yà wá lẹ́nu pé nígbà tí wọ́n wo ìlà lórí bébà, ìbéèrè kan náà ni ó wá sí wọn lọ́kàn: ṣé ó ń dún?

Ẹ jẹ́ kí a wo irinṣẹ́ wọn, nítorí pé láti ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà yóò ti yé wa jù lọ. Ohun kan náà ni àwọn ará Ṣáínà fi ń kọ̀wé tí wọ́n sì fi ń yàwòrán: búrọ́ọ̀ṣì tí a fi irun ẹranko ṣe, irú bí irun ewúrẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ṣe ṣónṣó. Tàdáwà wọn jẹ́ dúdú èéfín tí a pò mọ́ ohun tí ń lẹ̀, tí a sì mú gbẹ bí ọ̀pá kékeré. Orí òkúta ni a ti ń fi omi lọ̀ ọ́ nígbà tí a bá fẹ́ lò ó. Bébà tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò a máa mu tàdáwà bí ilẹ̀ gbígbẹ ti ń mu òjò. Bí ọwọ́ bá dúró pẹ́ jù, tàdáwà a tàn ká, gbogbo ènìyàn a sì rí i pé níhìn-ín ni òǹkọ̀wé ti ṣiyèméjì. Bí ọwọ́ bá yára, irun a là, funfun bébà a sì hàn láàárín ìlà. Bí a bá tẹ búrọ́ọ̀ṣì mọ́lẹ̀, ìlà a nípọn. Bí a bá gbé e sókè díẹ̀, a tín-ín-rín. A kò lè fi rọ́bà pa á rẹ́, bí a bá sì tún un fà, ojú a rí i. Nítorí náà, ìlà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹlẹ́rìí: ó ń sọ bí ọwọ́ ti rìn, ibi tí ó ti yára, ibi tí ó ti sinmi, ibi tí ẹni tí ó ni ọwọ́ ti mí. Èyí ni ìṣísẹ̀ tí a ń wí. Kì í ṣe ọ̀ṣọ́ tí a fi kún ìlà lẹ́yìn tí a ti fà á tán; ìrìn ọwọ́ fúnra rẹ̀ ni.

Ní ọdún 353, Wang Xizhi, ẹni tí àwọn ará Ṣáínà kà sí olórí àwọn tí ó sọ ìkọ̀wé di iṣẹ́ ọnà, pàdé pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ibì kan tí a ń pè ní Lanting. Wọ́n jókòó sí etí odò, wọ́n mu ọtí, wọ́n kéwì, òun sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú sí àwọn ewì náà. Àmì 324 ni ó wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Àmì kan tí a ń pè ní zhi farahàn nínú rẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 20, ìkọ̀wé rẹ̀ sì yàtọ̀ ní ìgbà kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nà tàntàn, ọ̀kan ká ara rẹ̀ jọ, ọ̀kan tẹ̀ bí ẹni tí ó ń kí àgbà. Kì í ṣe pé ó ń fi ọgbọ́n rẹ̀ hàn. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ni pé àmì kọ̀ọ̀kan ń wo èyí tí ó ṣáájú rẹ̀, ó sì ń pèsè àyè fún èyí tí ń bọ̀ lẹ́yìn, gẹ́gẹ́ bí ẹsẹ̀ oníjó kì í ti í balẹ̀ bákan náà lẹ́ẹ̀mejì bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹsẹ̀ kan náà ni. Ìtàn àtọwọ́dọ́wọ́ wí pé nígbà tí ojú rẹ̀ dá, ó gbìyànjú láti tún un kọ, kò sì rí i kọ bẹ́ẹ̀ mọ́. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ọtí ni mo ń yìn. Ohun tí mo ń wí ni pé ìlà tí ó wà láàyè ní ọjọ́ àti wákàtí tirẹ̀.

Akéwì Du Fu kọ ọ̀ràn kan sílẹ̀ ní ọdún 767 tí ó bá èyí mu. Ó wí pé Zhang Xu, òǹkọ̀wé olókìkí, rí obìnrin oníjó kan, Gongsun, tí ó ń fi idà jó, àti pé láti ìgbà náà ni ìkọ̀wé rẹ̀ ti tẹ̀ síwájú gidigidi. Obìnrin náà kò fi lẹ́tà kan kọ́ ọ. Ohun tí Zhang Xu rí ni bí ara ti ń kó agbára jọ kí ó tó fò, bí idà ti ń yí, bí ó sì ti ń dúró lójijì láìṣubú. Ó gbé e lọ sí ọwọ́ rẹ̀. Ẹ wò ó bí ẹ̀kọ́ ti lè gba ẹnu ọ̀nà tí olùkọ́ kò ṣí wọlé.

Ìṣísẹ̀ kì í sì í ṣe ìrìn nìkan; ìdúró wà nínú rẹ̀. Onílù tí kò bá mọ ìgbà tí ó yẹ kí ó gbé ọ̀pá kúrò lójú awọ, ariwo ni yóò máa pa. Ma Yuan, tí ó ṣiṣẹ́ ní ààfin ọba ní ìparí ọ̀rúndún kejìlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìkẹtàlá, fẹ́ràn láti fi òkè àti igi sí apá kan àwòrán, kí ó sì fi ìyókù sílẹ̀ fún ìkùukùu àti òfuurufú, tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ma Igun-Kan. Ní ọ̀rúndún kẹtàlá bákan náà, ẹlẹ́sìn Búdà kan tí ń jẹ́ Muqi ya èso mẹ́fà tí ó rí róbótó bí àgbálùmọ̀. Àwòrán náà wà nínú tẹ́ḿpìlì Daitoku-ji ní ìlú Kyoto ní Jàpáànì. Kò sí tábìlì, kò sí ògiri, kò sí òjìji lábẹ́ wọn. Òmíràn dúdú kirikiri, òmíràn fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ funfun. Àwọn kan fara kan ara wọn, àyè sì wà láàárín àwọn mìíràn. Ọ̀kan kékeré sún síwájú díẹ̀ kúrò nínú ẹsẹ ìyókù. Ojú tí ó bá wò ó kì í dúró lójú kan. A máa lọ láti orí ọ̀kan dé orí èkejì, a máa sinmi, a sì tún máa lọ. Èso mẹ́fà péré, síbẹ̀ ìṣísẹ̀ wà níbẹ̀.

Àwa tí a tọ́ dàgbà lábẹ́ Ìwé Mímọ́ ní ọ̀nà kan tí a lè fi mọ ohun tí Xie He ń wí. Ẹ rántí àfonífojì tí a mú wòlíì Èsíkíẹ́lì lọ. Àwọn egungun sún mọ́ ara wọn, iṣan wá sí ara wọn, ẹran bò wọ́n, awọ sì bo ẹran náà lókè. Gbogbo rẹ̀ pé. Bí ó bá jẹ́ pé olùkọ́ ni ó dúró níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé máàkì, ó ṣeé ṣe kí ó fún un ní 8 nínú 10. Ṣùgbọ́n èémí kò tí ì sí nínú wọn, nítorí náà òkú ni wọ́n. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni Xie He ṣe to òfin rẹ̀: egungun, ìrísí, àwọ̀, ètò, gbogbo wọn dára, ṣùgbọ́n bí èémí kò bá sí, iṣẹ́ kò tí ì bẹ̀rẹ̀.

Ní ọ̀rúndún kẹrin, ṣáájú Xie He, ni Gu Kaizhi gbé ayé. Ìtàn wí pé nígbà mìíràn yóò ya ènìyàn tán, ṣùgbọ́n yóò fi ọdún púpọ̀ sílẹ̀ láìfi ẹyinjú sí i. Nígbà tí wọ́n bi í léèrè, èsì rẹ̀ ni pé ọ̀ràn kò sí lọ́wọ́ àti lẹ́sẹ̀. Inú ẹyinjú ni ẹ̀mí ti ń kọjá sínú àwòrán. Ó dà bí ẹni pé irú ẹni báyìí ni Xie He yóò gbé sí òkè pátápátá. Rárá o! Ọ̀wọ́ kẹta ni ó fi í sí. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí Yao Zui, tí òun pẹ̀lú kọ̀wé lórí àwọn ayàwòrán, fi ẹ̀hónú hàn sí ìdájọ́ yìí, ọ̀pọ̀ àwọn tí ó tẹ̀lé e sì gbè é lẹ́yìn. Bí ẹni tí ó fún wa ní òfin ẹ̀mí bá lè fún irú Gu Kaizhi ní máàkì tí àwọn ará ẹ̀yìn kò gbà, kí ni kí a wí nípa ọ̀dọ́mọdé olùkọ́ tí ó di pẹ́ńsù pupa mú, tí agogo ọ̀sán sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lù?

Nísinsìnyí mo dé ibi tí iyàn gbé wà. Ní ọ̀rúndún kọkànlá, Guo Ruoxu kọ ọ́ pé a lè kọ́ òfin márùn-ún tí ó kẹ́yìn, ṣùgbọ́n a kò lè kọ́ èkíní. A bí i mọ́ ẹni ni. Ọgbọ́n ọwọ́ kò lè fà á wá, oṣù àti ọdún kò sì lè mú un dé. Dong Qichang, tí a bí ní ọdún 1555 tí ó sì kú ní ọdún 1636, gbà fún un, ṣùgbọ́n ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ díẹ̀: ó ní bí ènìyàn bá ka ẹgbàárùn-ún ìwé, tí ó sì rin ẹgbàárùn-ún ibùsọ̀, ó lè rí nǹkan gbà nínú rẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Zou Yigui, ayàwòrán ààfin tí ó kú ní ọdún 1772, wá fi ọwọ́ lu tábìlì. Ó ní ẹni tí ó fi èémí ṣáájú ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí ń wo àwòrán, kì í ṣe bí ẹni tí ń yà á. Ẹni tí ń yà á kò lè bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Ìlò búrọ́ọ̀ṣì àti tàdáwà ni yóò kọ́kọ́ mọ̀.

Èmi rò pé Zou Yigui ti fi kọ́kọ́rọ́ lé wa lọ́wọ́, bí kò tilẹ̀ sọ pé ti àwọn olùkọ́ ni. Èrò mi nìyí: láti òkè ni kí a ti máa ka òfin Xie He nígbà tí a bá ń ṣe ìdájọ́, láti ìsàlẹ̀ sì ni kí a ti máa kà á nígbà tí a bá ń kọ́ni. Nígbà tí iṣẹ́ bá dé iwájú wa, kí a kọ́kọ́ béèrè bí ó bá wà láàyè, lẹ́yìn náà kí a tó béèrè bí ó bá tọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá jókòó síwájú wa, kí a má ṣe wí fún un pé, "Mí èémí sínú rẹ̀," nítorí pé kò sí ọmọ tí ó mọ bí a ti ń ṣe èyí. Kí a fi àdàkọ bẹ̀rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọ ọgbà.

Àṣìṣe wa, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ni pé a máa ń ṣe é ní òdì. Láti ìsàlẹ̀ ni a ti ń ṣe ìdájọ́: ẹni tí àdàkọ rẹ̀ bá jọ ti ojú pátákó jù lọ ni ó gba máàkì jù lọ. Nígbà tí ọmọ kan kò bá sì ṣe dáradára, a yára wí pé, "A kò bí i mọ́ ọn," a sì wẹ ọwọ́ wa. Guo Ruoxu ti fún wa ní àwáwí, ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwọn olùkọ́ ọ̀lẹ ni ó ṣe kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fojú tín-ín-rín òfin kẹfà. Ìwé tí Wang Xizhi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ní Lanting kò sí mọ́. Ìtàn wí pé a sin ín mọ́ ọba Taizong, tí ó kú ní ọdún 649. Ohun tí ayé ní lónìí ni àdàkọ tí àwọn òǹkọ̀wé ààfin ṣe. Ìwé àwòrán tí a ń fi orúkọ Gu Kaizhi pè, tí Ilé Ìṣura British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ti ní láti ọdún 1903, àdàkọ ni ọ̀pọ̀ ọ̀mọ̀wé kà á sí. Bí kì í bá ṣe ti àwọn adàkọ onísùúrù, ẹ̀mí wọ̀nyí ìbá ti kú. Ṣùgbọ́n adàkọ rere kì í fi ojú nìkan da ìlà kọ. Ó ń fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀lé ìrìn ọwọ́ tí ó ṣáájú rẹ̀, ó ń yára níbi tí ó ti yára, ó ń mí níbi tí ó ti mí. Àdàkọ báyìí ni ó ń kọ́ni. Èyí tí a fi rúlà ṣe, tí ó gba ìrísí tí ó sì fi ìrìn sílẹ̀, kò kọ́ ẹnikẹ́ni ní ohun kan.

Bí ẹ bá fẹ́ àpẹẹrẹ ẹni tí ó gun àkàbà náà dé òkè, ẹ wo Fan Kuan, tí ó gbé ayé ní nǹkan bí ọdún 1000. Ìwé àkójọ àwòrán ààfin tí a ṣe ní nǹkan bí ọdún 1120 ròyìn pé iṣẹ́ Li Cheng ni ó kọ́kọ́ ń dà kọ. Nígbà tí ó yá, ó ronú pé àwọn àgbà tìkára wọn wo ohun tí Ọlọ́run dá ni. Nítorí náà, kí òun kọ́ lọ́dọ̀ ohun náà sàn ju kí òun kọ́ lọ́dọ̀ ènìyàn lọ, àti pé kí òun kọ́ láti inú ọkàn òun tún sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kó lọ sí àárín àwọn òkè, ó ń wò wọ́n nínú ìkùukùu àti nínú yìnyín. Àwòrán ńlá rẹ̀ wà ní ilé ìṣura ní Taipei títí di òní. Ó ga ju mítà 2 lọ. Òkè kan gba ibi púpọ̀ nínú rẹ̀, tí a fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìlà kéékèèké yà bí ẹ̀kán òjò. Nísàlẹ̀ ni àwọn arìnrìn-àjò kékeré wà pẹ̀lú ìbaaka wọn. Orúkọ tí ó kọ sí i wà láàárín ewé igi, tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi di ọdún 1958 kí a tó rí i. Ẹ ṣàkíyèsí ìpele mẹ́ta náà: olùkọ́, ohun tí a dá, ọkàn ara ẹni. Kò fo ọ̀kan, kò sì jókòó sórí ọ̀kan.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò wí. Wọn yóò ní àwọn tí ń wá yẹ ilé-ẹ̀kọ́ wò kì í béèrè èémí. Ìwé tí ó mọ́ ni wọ́n ń béèrè. Òótọ́ ni, èmi kò sì sọ pé kí ìwé ọmọ dọ̀tí. Àwọn mìíràn yóò ní èrò yìí ti ọwọ́ àwọn tí kì í ṣe Kristẹni wá. Èmi ní wúrà tí a wà nínú oko aládùúgbò, wúrà ni. Àwọn kan yóò sì wí pé, bí a bá yin ewúrẹ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ gùn jù, ọmọ gbogbo yóò máa ya wúruwùru, wọn yóò sì pè é ní ẹ̀mí. Èyí ni ó wúwo jù nínú àtakò wọn, ìdáhùn rẹ̀ sì wà nínú òfin kejì. Àwọn ará Ṣáínà kò fi èémí bo ọ̀lẹ mọ́lẹ̀. Egungun ni wọ́n fi tẹ̀lé èémí lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹni tí yóò sì ní egungun nínú ìlà yóò fi ọdún púpọ̀ lo búrọ́ọ̀ṣì. Ọmọ tí ó ya ewúrẹ́ tí ń sá ṣì ní láti kọ́ bí ẹsẹ̀ ewúrẹ́ ti gùn tó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kù fún un, èmi lè fi kọ́ ọ. Ohun tí ó kù fún ọmọ onírúlà, n kò mọ̀ bí mo ti lè dá a padà fún un bí mo bá ti jẹ́ kí ó gbàgbé rẹ̀.

Nígbà tí a tún rán wa padà sí ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, mo tún ní kí wọ́n ya ewúrẹ́. Mo lọ dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ kejì náà. Ó gbé ojú sókè, ó ní, "Ẹ jọ̀wọ́, tíṣà, ṣé kí n mú rúlà?" Ẹ̀yin ará, máàkì 3 ni ó kọ́ ọ ní ìbéèrè yìí, èmi ni mo sì fún un. Mo ní kí ó má ṣe mú un. Mo mú un lọ sí ojú fèrèsé, a sì jọ wo ewúrẹ́ kan tí ó ń jẹ koríko ní etí pápá títí ó fi gbé orí sókè tí ó sì sáré lọ. Mo ní kí ó fi ìka fa ìrìn ẹ̀yìn rẹ̀ sínú afẹ́fẹ́, lẹ́yìn náà kí ó fi pẹ́ńsù fà á. Ìlà àkọ́kọ́ gbọ̀n, ó sì dúró. Ìkejì dára díẹ̀. Mo ní kí ó tún un ṣe.

Kì í ṣe iṣẹ́ ọjọ́ kan, èmi kò sì lè fọ́nnu pé mo ti rí i tún ṣe. Ṣùgbọ́n mo fi ọ̀ràn náà síwájú yín, ẹ̀yin tí ẹ óò jáde lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú àti ní abúlé. Kí ẹ tó fi máàkì sí iṣẹ́ ọmọ, ẹ dákẹ́ díẹ̀, kí ẹ sì wò ó bí ó bá ń mí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí Ọlọ́run, ẹni tí ó mí sínú amọ̀ kí ó tó di ènìyàn, fún wa ní ojú tí a ó fi máa rí i.